Orí Mẹ́wàá La Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá mi, orí mẹ́wàá la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Téèpù rẹ̀ ti lé lógún ọdún. Irin kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti já, nọ́ńbà kìíní títí dé ìkẹjọ ti pa rẹ́, ẹnu ibẹ̀ sì ti ká kò. Ẹlòmíràn ì bá ti jù ú nù. Bàbá mi ní ibi tó bàjẹ́ nìkan ni kí a fi sílẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ wọ̀n igi, orí mẹ́wàá ni yóò gbé sí etí igi náà, yóò wo nọ́ńbà tó bọ́ sí lódìkejì, yóò sì yọ mẹ́wàá kúrò lọ́kàn rẹ̀. Igi tó bá gùn ní ọgọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà, àádọ́fà ni téèpù yóò sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń wọ̀n nǹkan nìyẹn, àfi ìgbà tí mo dé ilé ìwé tí tíṣà fi bíírò pupa kọ òdo sí iṣẹ́ mi.

Ìwọ̀n náà ni mo fi ń jẹun báyìí. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ẹ̀ka ìṣirò kan tí kò níṣẹ́ méjì ju pé kó máa bèèrè ohun tí ìwọ̀n jẹ́ gan-an. Kí là ń sọ nígbà tí a bá ní nǹkan gùn tó báyìí? Lọ́dọọdún, ní kíláàsì àkọ́kọ́, téèpù bàbá mi ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Màá ní kí wọ́n gbọ́ dáadáa: ìwọ̀n kì í ṣe nọ́ńbà tó wà ní ìparí, ohun tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo o, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́wàá o, bí ẹ bá sún nǹkan láti ibí sí ọ̀hún, gígùn rẹ̀ kì í yí padà. Wọn á fi bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì yé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, Bàbá gé ilẹ̀kùn méjì kúrú. Kì í ṣe kúrú díẹ̀ o, adìyẹ lè gba abẹ́ wọn kọjá láìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò ti jẹ́ ká rímú mí. Ó ní Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan, pé ẹni tó bá ń gbàgbé kò yẹ kó máa di ayùn mú, pé lọ́jọ́ kan ìka ni yóò gé dípò igi. Kò kúkú purọ́ pátápátá. Bàbá ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti bi mí láàárín ọ̀sẹ̀ kan bóyá ìyá mi ti jẹun. Ọdún kẹrin rèé tí a ti sin ìyá mi.

Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jókòó nìyẹn, tí Bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ dá àdéhùn. Obìnrin apòògùn kan tó wà ní òpópónà kejì fẹ́ kántà tuntun, pátákó kan ṣoṣo tí yóò ti ara ògiri kan dé ara ògiri kejì, láìsí oríkèé láàárín. Bàbá sì ní pátákó kan tó fẹ̀, tó ti ń gbẹ lórí àjà láti ọdún méjìlá. Irú rẹ̀ kò sí mọ́, ibi yòówù kí ènìyàn wá a dé.

"Ẹ jẹ́ ká fi èyí parí ọ̀rọ̀," Bàbá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Bí ọwọ́ mi bá bà á jẹ́, màá fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọ lọ́wọ́. Mi ò ní jiyàn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ máa ta táyà níbẹ̀ ná. Inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì, ẹ̀rù sì ń bà mí gidi, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù yẹn, bàbá mi ò ní ibi tí yóò máa jí lọ mọ́.

Lọ́jọ́ tí a máa gé pátákó náà, mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti dé ṣọ́ọ̀bù kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n mi máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Bàbá ti tẹ́ pátákó sórí tábìlì iṣẹ́, ó ti fá a dán, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tó máa ń wà. Mo ń wò ó ṣáá, bí ẹni pé ó lè dìde lọ fúnra rẹ̀.

"Tíṣà," Bàbá pè mí. Orúkọ tó fún mi nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gboyè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìlà kan sórí pátákó ni. "Báwo ni ìlà tí mo fà yìí ṣe fẹ̀ tó?"

"Ìlà kì í ní fífẹ̀, Bàbá. Bí ẹ bá fi ayùn àwa oníṣirò gé e, ẹyọ ojú àmì kan ṣoṣo ló máa kúrò lára gígùn pátákó, ojú àmì kan ò sì gùn rárá. Kódà kí ẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ayé, kí ẹ máa kà wọ́n, ìwọ̀n pátákó yìí ò ní dín."

"Ayùn tèmi ò tíì gbọ́ ìyẹn o." Ó fi ẹsẹ̀ tú lẹ́búlẹ́bú igi tó wà nílẹ̀ ká. "Mílímítà mẹ́ta lẹnu rẹ̀ máa ń jẹ. Gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ yìí ni òfo tí ẹ̀ ń sọ ní yunifásítì."

Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ya àmì bí ẹsẹ̀ ẹyẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ní apá tí a ó gé dànù. Gbogbo ìlà tí bàbá mi bá fà ló máa ń ya ẹsẹ̀ ẹyẹ sí, kí ayùn lè mọ ibi tí yóò ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ lọ gba ayùn ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ń bá òun pọ́n ọn, ó sì jáde. Ìrìn rẹ̀ dára láàárọ̀ yẹn. Ó tilẹ̀ ń súfèé.

Ó yẹ kí n jókòó jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, ọwọ́ mi sì ń yún mi. Mo fẹ́ rí i dájú ni, kí n lè sinmi kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Ìwé pélébé tí Bàbá kọ ìwọ̀n sí wà lábẹ́ òòlù. Mo gbé téèpù, mo fi orí mẹ́wàá sí etí pátákó, mo fà á dé ibi ìlà. Orí igba ni ìlà bọ́ sí. Mo wo ìwé. Igba ó dín mẹ́wàá ló wà níbẹ̀.

Láti kékeré mi ni mo ti mọ òfin ṣọ́ọ̀bù yẹn: ohun tí téèpù bá sọ ni Bàbá máa ń kọ sínú ìwé. Inú orí nìkan ni a ti ń yọ mẹ́wàá. Bí ìwé bá wí pé igba ó dín mẹ́wàá, orí igba ó dín mẹ́wàá lórí téèpù náà ni ìlà gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Bàbá ti fi mẹ́wàá lé orí nọ́ńbà tó ti ní mẹ́wàá nínú tẹ́lẹ̀. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti gbàgbé.

Ṣọ́ọ̀bù apòògùn ò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo lè lọ wọ̀n ọ́n fúnra mi. Mo sì lè dúró de Bàbá kí n bi í. Ṣùgbọ́n kí n bi í léèrè ni kí n sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ó ti ń gbàgbé, mi ò sì fẹ́ rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí. Mo ní kí n bò ó láṣìírí. Mo mú rọ́bà nínú báàgì mi, mo pa ìlà rẹ̀ rẹ́ tòun ti ẹsẹ̀ ẹyẹ, mo sì fa tèmi sórí igba ó dín mẹ́wàá. Ìlà náà tín-ín-rín, ó mọ́ tónítóní, ó gún régé. Mo tún yìn ín lójú ara mi. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé kántà tó bá gùn jù ṣeé gé, pé èyí tó bá kúrú, ó kúrú náà nìyẹn. Ọmọ kékeré mọ èyí. Èmi tí mo ní oyè mẹ́ta ni kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà.

Bàbá padà dé pẹ̀lú ayùn nínú àpò. Ó gbé e kalẹ̀, ó sún mọ́ pátákó, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó fi àtàǹpàkò kan ìlà náà. Mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka nǹkan lórí fóònù.

"Ṣé ibí lo wà láti ìgbà tí mo ti jáde?"

"Ibí ni mo wà, Bàbá."

Ó wò mí. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ sí i. Ó wo pátákó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wo ìwé tó wà lábẹ́ òòlù fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dáa," ó sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Wá bá mi di ìdí rẹ̀ mú."

Mo di í mú. Ayùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pátákó náà le, ó ń ké, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń dà sórí bàtà mi. Bàbá kì í sábà dúró láàárín igi, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró lọ́jọ́ yẹn, tó gbójú sókè bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pè é. N kò pè é. Nígbà tí apá tó kù já bọ́, ó kàn gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò súfèé mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́sàn-án. A gbé pátákó sínú ọkọ̀, Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, èmi náà rí i.

Obìnrin apòògùn ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti gbálẹ̀, ẹsẹ̀ kántà sì ti wà ní ìdúró níbi tí Bàbá kàn án mọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Bàbá káfíńtà, ẹ káàbọ̀ o," ó sọ, "mo ti ń retí yín láti àárọ̀." A gbé pátákó náà wọlé, ẹ̀gbọ́n mi níwájú, èmi lẹ́yìn. A gbé e lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tì í títí ó fi kan ògiri tó wà lọ́dọ̀ mi.

Ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kò kan ògiri.

Bàbá rìn lọ síbẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí àlàfo náà, ó gba ibẹ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó nílò téèpù. Gbogbo wa nínú ẹbí yẹn la mọ ohun tí mẹ́wàá jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí i báyìí?" Bàbá ti ki ọwọ́ bọ àpò kí ó tó sọ tán. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí kántà, ó rọra tì í sí iwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Èmi ni," mo sọ.

Wọ́n wò mí.

"Èmi ni mo fa ìlà yẹn. Bàbá fa tiwọn, mo pa á rẹ́ nígbà tí wọ́n jáde. Ìwé sọ pé igba ó dín mẹ́wàá, ìlà bọ́ sórí igba, mo rò pé..." Mo yíjú sí Bàbá. "Ohun tí téèpù sọ la máa ń kọ sínú ìwé, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀," Bàbá sọ. "Òun náà ló ba àwọn ilẹ̀kùn yẹn jẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, kò pẹ́ mi ò mọ̀ bóyá mo ti yọ mẹ́wàá tàbí n kò tíì yọ ọ́, mo tún un yọ. Láti ọjọ́ yẹn, mo ti ń yọ ọ́ kí n tó kọ ọ́. Gígùn gidi ló wà nínú ìwé. Igba ó dín mẹ́wàá gidi."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Mo ti ń retí èébú, ó sì tọ́ sí mi. "Ìwọ," ó sọ. "Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún láti máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwọ̀n." Obìnrin apòògùn bẹ̀rẹ̀ sí í to ìgò tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," Bàbá sọ. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìlà mi."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

"Kò sí ẹsẹ̀ ẹyẹ níbẹ̀. Láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta tí mo ti ń fa ìlà, n kò fa èyí tí kò ní ẹsẹ̀ ẹyẹ rí. Mo rí i pé ìwọ lo fà á."

"Kí ló dé tí ẹ fi gé e, Bàbá?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré láìsí i, ó sì rẹ̀ ẹ́. "Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé ni?"

Mo lè parọ́ fún un. Mo ti parọ́ tó lọ́jọ́ náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ó sọ. "Nígbà tí mo rí ìlà rẹ, mo ní ó tán, orí mi ti lọ. Mo ní ọmọ tó mọ ìwọ̀n ju èmi lọ ló tún un ṣe, tó sì fẹ́ bò mí láṣìírí. Ni mo bá gé e."

N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìlà tí mo ní kì í ní fífẹ̀, ó ti gba àárín èmi àti bàbá mi kọjá.

Bàbá wọ awò ojú rẹ̀ padà. Ó tún fi ọwọ́ sí àlàfo náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí bí oníṣẹ́ ṣe ń fi ọwọ́ kan nǹkan. "Màdáámù," ó sọ, "níbo ni òṣùwọ̀n kékeré tí ẹ fi ń wọ̀n ìyẹ̀fun oògùn máa ń dúró sí?"

"Orí kántà ni. Àwọn oníbàárà á sì máa fi ìgúnpá gbá a."

"Bí mo bá fi igi kan dí àlàfo yìí, lẹ́bàá ògiri, kó ga ju kántà lọ ní ìka mẹ́rin, kí òṣùwọ̀n dúró lórí rẹ̀? Kì í ṣe oríkèé o. Àtẹ̀gùn ni. Ara igi kan náà, ìlà ara wọn á bá ara mu."

Obìnrin náà fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó, ó tún wò ó. "Bí ó bá lè tẹ́jú dáadáa, mo fẹ́ ẹ," ó sọ. "Ṣùgbọ́n lónìí ni o, Bàbá. Mo ní láti ṣí lọ́la."

"Pátákó náà jẹ́ igba lé ọgbọ̀n kí a tó gé e. Ọgọ́sàn-án ló wà níbí," Bàbá sọ fún ara rẹ̀. "Àádọ́ta ló kù, ó dín mílímítà mẹ́ta tí ayùn jẹ. Mẹ́wàá la nílò. Ó pọ̀ tó." Kò lo ìwé, kò lo pẹ́ńsùlù. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń ṣírò. Nígbà tí Bàbá parí, ẹ̀gbọ́n mi mú kọ́kọ́rọ́ lórí kántà, ó jáde lọ sínú ọkọ̀, a sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Ọwọ́ Bàbá la jọ sọ nínú àdéhùn," ó wí, kò wo ẹnikẹ́ni. "Kì í ṣe ọwọ́ wọn ló bà á jẹ́." Ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ orí ìṣó. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, pẹ́ńsùlù ò gbọdọ̀ wọ ọwọ́ rẹ níbí mọ́."

Bàbá ti gbé igi tó kù sórí tábìlì. Ó na téèpù sí mi. Mi ò fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo sì gbà á.

"Mẹ́wàá," ó sọ.

Mo gbé téèpù sí etí igi, mo sì dúró. "Bàbá, mẹ́wàá gidi ni, àbí mẹ́wàá orí téèpù?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí mẹ́wàá orí téèpù ni ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi tó bá jẹ́ mẹ́wàá orí téèpù, òfo ni. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí.

"Ìbéèrè àárọ̀ nìyẹn," ó sọ. "Àárọ̀ ló yẹ kí o bi mí."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Ó mú pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí rẹ̀. "Mẹ́wàá gidi ni. Fi í sí ogún."

Mo fi í sí ogún.